Ọkàn Ò Sí Nínú Fáìlì

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: èmi ni mo jẹ̀bi. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn o. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa, kò sí ìwé ìbí kan, kò sí ìwé ìgbéyàwó kan tó sọnù lọ́wọ́ mi rí. Nígbà tí àìsàn wá ń wọlé bá Hylke ọkọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe náà ni mo ṣe. Mo ra fáìlì aláwọ̀ ewé kan.

Àtọ̀gbẹ ló kọ́kọ́ dé. Ẹ̀dọ̀fóró tẹ̀ lé e, nítorí sìgá tó fi ogójì ọdún fà nínú yàrá kékeré tó ń jókòó sí nídìí afárá. Hylke ló ń gbé afárá abúlé wa sókè fún àwọn ọkọ̀ ojú omi títí tó fi fẹ̀yìn tì. Kíndìnrín ló dé kẹ́yìn. Mo tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ewé ìwé kan ṣoṣo, mo fi nọ́ńbà sí i, mo kọ oògùn kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi ọ̀rá bò ó kí kọfí má bàa dà sí i. Káàdì mẹ́ta, tó ń sọ ohun tí a ó ṣe bí àìsàn kọ̀ọ̀kan bá dìde, ló sì wà lára fíríìjì wa. Tẹ̀dọ̀fóró ló gbayì jù nínú wọn, nọ́ọ̀sì ló fún wa. Àwọ̀ ewé: ara le. Àwọ̀ ìyeyè: fín oògùn sẹ́nu sí i. Àwọ̀ ọsàn: bẹ̀rẹ̀ oògùn oníhóró. Pupa: pe ambúláǹsì. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń wò ó. Hylke máa ń pè mí ní Ọ̀gá Fáìlì. Á ní, "Bí mo bá kú, ẹ bi Ọ̀gá Fáìlì bóyá mo gba ìyọ̀ǹda."

Sọ́ńdè kan nínú oṣù karùn-ún ni. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ìdajì, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀.

"Froukje, ara mi ò yá."

"Ìgbà wo lara ẹ ti yá gbẹ̀yìn?"

"Tòní yàtọ̀."

"Yàtọ̀ báwo?"

Ó ronú. Hylke kì í ṣe ẹni tó máa ń ròyìn ara. Níbí, tí igi bá wó lu èèyàn wa, á ní igi náà ò fi bẹ́ẹ̀ wúwo. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń ro mí," ó ní. "Ó sì rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí bí ìgbà tí mo fọwọ́ yí afárá lọ́jọ́ tí iná lọ."

"Mímí ńkọ́?"

"Ó ń nira díẹ̀."

Èyí tó ní káàdì nìkan ni mo gbọ́. Mo ti gba ẹnu ọ̀nà ìdáná lọ kó tó parí ọ̀rọ̀. Mo mú páípù tí wọ́n fi ń fín oògùn sẹ́nu wá, mo ní kó ya ẹnu.

"Èyí kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró," ó ní. "Mo mọ ẹ̀dọ̀fóró mi."

"Ta ló ń kọ ìwé nínú ilé yìí, èmi àbí ìwọ?"

Ó ya ẹnu. Mo fín in lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Títí di òní, gbólóhùn yẹn ṣì máa ń jí mi lójú oorun, torí ó sọ fún mi o. Ó sọ ọ́ ní pọ́ńbélé.

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, òógùn bò ó. Òógùn tútù ni, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Mo ní ṣúgà nìyẹn. Mo gún un níka, mo wo ẹ̀rọ: mẹ́tàlá. Ṣúgà kì í mú Hylke làágùn àfi tó bá lọ sílẹ̀, eléyìí sì ga. Kò bá káàdì mu. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí rẹ̀, mo sì gbójú kúrò níbẹ̀. Èébì gbé e. Mo ní ẹja yíyan tó jẹ lánàá ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń ro ó ńkọ́? Eyín àtọwọ́dá tó gbà lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn mà ni. Ẹ ò rí i? Kò sí ohun tí mi ò rí olówó rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Àìsàn mẹ́ta tó wà nílé wa, àwọn ni mo ń mú fún gbogbo ẹ̀sùn.

Mo gbé e dé àwọ̀ ọsàn, mo fún un ní oògùn oníhóró. Mo wá tẹ dókítà òpin ọ̀sẹ̀ láago. Obìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ tutù.

"Kí ló ń ṣe wọ́n, màmá?"

Ẹ gbọ́ ìdáhùn mi o. Mi ò sọ pé ó ń làágùn. Mi ò sọ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro ó. Mo ní, "Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló tún dìde. Àwọ̀ ọsàn la wà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn láago mẹ́sàn-án ku ogún… ẹ má bínú, mẹ́sàn-án kọjá ogójì."

"Àyà ńkọ́, ṣé ó ń dùn wọ́n?"

Mo gbé fóònù kúrò létí. "Hylke! Ṣé àyà ń dùn ẹ́?"

"Rárá," ó fèsì láti pálọ̀. "Àyà kọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́…"

"Ó ní rárá," mo wí fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Ẹ mọ nǹkan tí ẹ ń ṣe. Tí kò bá sàn láàárín wákàtí mẹ́rin, ẹ tún pè wá."

Mo so fóònù kọ́, orí mi wú. Wọ́n ní mo mọ nǹkan tí mò ń ṣe.

Aago mọ́kànlá, Baukje dé. Àbúrò Hylke ni, obìnrin ràbàtà kan tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ se oúnjẹ fún àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú. Gbogbo Sọ́ńdè ló máa ń wá mu kọfí lọ́dọ̀ wa, gbogbo Sọ́ńdè náà ló sì máa ń gbé búrẹ́dì oníṣúgà wá sílé ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Mo ti bá a jà lórí búrẹ́dì yẹn títí ó ti sú mi.

"Ìyàwó wa, ẹ kú Sọ́ńdè o. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Ó wà lórí àga rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ni. Mo ti kápá ẹ̀. Búrẹ́dì yẹn, inú báàgì ẹ ni kó wà o."

"Èmi ni mo máa jẹ ẹ́, má fòyà."

Àga Hylke kọjú sí fèrèsé, odò kékeré wa àti afárá sì wà níwájú rẹ̀ gan-an. Láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò sí ọkọ̀ kan tó kọjá tí kò ní ṣe àlàyé lé lórí. Pé olùtọ́jú afárá tuntun ń pẹ́ jù. Pé ọkọ̀ yẹn wá láti ibi báyìí, ẹni tó ń tukọ̀ náà ò mọ nǹkan kan. Ariwo rẹ̀ máa ń dùn mí létí bí ìgbà tí ẹyẹ ń fi ẹnu sọ ẹ̀ka igi. Baukje jókòó tì í, ó ń sọ̀rọ̀ ìjọ. Agogo afárá dún. Irin gbéra. Ọkọ̀ àtijọ́ kan ń bọ̀, èyí tí ìgbòkun rẹ̀ pupa, tí òpó rẹ̀ ga ju ilé wa lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la máa ń rí irú rẹ̀. Ọkọ̀ náà kọjá lójú fèrèsé, òjìji rẹ̀ gba inú pálọ̀ wa kọjá.

Hylke ò gbójú sókè.

Baukje gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí ọkọ̀ yẹn?"

"Ọkọ̀ wo?"

Ó dìde, kò bi mí léèrè, ó kọjá lára mi, ó sì gbé fóònù wa. Mo gbọ́ bó ṣe tẹ nọ́ńbà pàjáwìrì.

"Baukje! Kí lò ń ṣe? Mo ti pe dókítà, wọ́n ní wákàtí mẹ́rin!"

"Wákàtí mẹ́rin kọ́, wákàtí mẹ́rin ni! Wo ojú ẹ̀."

"O fẹ́ pe ambúláǹsì torí pé kò wo ọkọ̀?"

"Froukje." Ó gbọ́wọ́ lé ẹnu fóònù. "Bàbá wa kú lórí àga, ó dojú kọ fèrèsé, gbogbo wa rò pé ó ń sùn ni. Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Ìgbà yẹn ni mo wo ojú ọkọ mi. Láti aago mẹ́sàn-án, mo ti wo ìka rẹ̀, mo ti wo ẹ̀rọ ṣúgà, mo ti wo káàdì àti aago ara ògiri. Mi ò tíì wo ojú rẹ̀. Ó ti dà bí eérú. Ẹ̀rù bà mí. Síbẹ̀, ẹ wá wo ohun tí mo ṣe: mo lọ mú fáìlì.

Àwọn òṣìṣẹ́ ambúláǹsì dé, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ìlà ọkàn tó jáde lára ẹ̀rọ ò mọ́ kedere. Mo na ìwé mi sí wọn. Wọ́n kà á, wọ́n mi orí, wọ́n sọ nínú rédíò pé bàbá ẹlẹ́dọ̀fóró kan làwọn ń gbé bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí mo sọ ọ́ ṣe ṣáájú wa dé ọsibítù.

Dókítà tó gbà wá níbẹ̀ ń jẹ́ Terpstra. Ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ó níwà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Hylke, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan, dókítà padà wá, ó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ìwé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, màmá. Ká ní gbogbo èèyàn ló máa ń ṣe báyìí ni, iṣẹ́ wa ì bá rọrùn."

Ní wákàtí kan ṣáájú, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá dùn mọ́ mi.

"Kí lẹ rí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀?" Baukje bi í.

"Ohun kan wà tó máa ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn bá farapa. Tiwọn ga díẹ̀. Ṣùgbọ́n," ó fìka lé nọ́ńbà kẹta nínú ìwé mi, "kíndìnrín tó ti rẹ̀ náà máa ń jẹ́ kó ga bẹ́ẹ̀." Ìka rẹ̀ gun òkè lọ sí nọ́ńbà kejì. "Mímí yẹn, ẹ̀dọ̀fóró ni." Ó tún gòkè sí nọ́ńbà kìíní. "Òógùn sì lè jẹ́ ti ṣúgà. Wọ́ọ̀dù àwọn ẹlẹ́dọ̀fóró la máa gbé wọn lọ. A tún máa gba ẹ̀jẹ̀ míì lọ́la."

"Lọ́la?" Baukje tún ní. "Ẹ ò ní yẹ ọkàn ẹ̀ wò?"

"Màmá, láti rí inú iṣan ọkàn, a ní láti fa oògùn aláwọ̀ kan sí wọn lára. Ó lè pa kíndìnrín yẹn. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, pẹ̀lú gbogbo èyí…" Ó fi ìwé náà gbá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. "A kì í kánjú."

Mò ń wo ìka yẹn. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀ lórí ìwé tí mo fọwọ́ mi tẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì kúrò níbẹ̀. Èmi gan-an nìyẹn, tí mo dúró níwájú fíríìjì.

Bóyá ó rí i pé ojú wa ò fi bẹ́ẹ̀ dán, ló bá tẹ̀ síwájú. "Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín, báwo lara?"

Hylke ò wo dókítà. Èmi ló wò. Ó wò mí bí ọmọ iléèwé tí kò mọ̀ bóyá wọ́n gba òun láyè láti dáhùn. Ó wá gbé ọwọ́ sókè pẹ̀lú wáyà tó rọ̀ mọ́ ọn, ó nàka sí ìwé.

"Ó wà nínú ibẹ̀," ó ní.

Ọlọ́run mi! Ẹ wo ohun tí mo fi ọkọ mi dà. Àádọ́ta ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo na ọwọ́, mo já ìwé yẹn gbà lọ́wọ́ dókítà, ọ̀rá tí mo fi bò ó ya ṣááá.

"Màmá…"

"Kò sí nínú ibẹ̀! Irọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ́, mo sì ń sọ fún yín pé kò sí níbẹ̀." Mo tẹ ìwé náà bọ báàgì, mo sì jókòó lé báàgì. "Tí bàbá yìí bá rìn wọlé sí yín lónìí láìní ìwé kankan, tó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro òun, tí òógùn tútù bò ó, tó ń bì, tí ojú ẹ̀ rí báyìí, kí lẹ máa ṣe?"

Dókítà ń wo báàgì tí mo jókòó lé.

"Mo bi yín ní ìbéèrè."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́?" ó ní. "Kò sẹ́ni tó sọ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún mi."

"Ó sọ ọ́. Láti aago mẹ́sàn-án ló ti ń sọ ọ́. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀n-ún, èmi ni mi ò jẹ́ kó la ẹnu." Mo yíjú sí Hylke, omi ti ń bọ́ lójú mi, mi ò nù ún. "Hylke, sọ fún un. Sọ bó ṣe rí, gbogbo ẹ̀."

Dókítà fa àga, ó jókòó, ojú òun àti ti Hylke wá ṣe déédéé fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ṣé ẹ mọ̀," Hylke ní, ó ń mí láàárín ọ̀rọ̀, "tí afárá bá há sójú ọ̀nà, tí kò gòkè, tí kò sọ̀? Gbogbo ìwúwo ẹ̀ á wà lórí irin kan. Bó ṣe rí nìyẹn. Láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé èjìká òsì yìí. Kò dùn mí bí ìgbà tí nǹkan bá gún èèyàn. Ó kàn wúwo. Tí ẹ̀dọ̀fóró bá dé, afẹ́fẹ́ ni mi ò rí. Tòní, afẹ́fẹ́ wà. Èmi ni mi ò sí mọ́."

Dókítà Terpstra dìde. Kò ṣàlàyé fún wa mọ́. Ó ní kí nọ́ọ̀sì tún wáyà lẹ̀ báyìí báyìí, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kíákíá, lọ́la kọ́, ó sì ń tẹ fóònù bó ṣe ń jáde.

Ìdúró wákàtí yẹn, mi ò gbàdúrà irú rẹ̀ fún ọ̀tá mi. Baukje di ọwọ́ mi mú. Ó ti gbé báàgì rẹ̀ wá, búrẹ́dì oníṣúgà ṣì wà nínú rẹ̀. Ó já díẹ̀ ki mi lẹ́nu bí ẹni ń fún ọmọ lóúnjẹ, mo sì jẹ ẹ́. Hylke di ojú. Gbogbo ìgbà tí àyà rẹ̀ bá sọ̀, mo máa ń dúró kó gòkè.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, dókítà ọkàn fúnra rẹ̀ ló wọlé, obìnrin kan tó ti ń hewú, Terpstra sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́fà. Ó ní kíndìnrín kì í ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Iṣan ọkàn ló dí.

"Bàbá, mo lè ṣí i," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín. Oògùn aláwọ̀ yẹn lè ba kíndìnrín yín jẹ́, kó di pé ẹ̀rọ lá máa fọ ẹ̀jẹ̀ yín. Tí a ò bá sì ṣe é, ọkàn lè má dúró dè wá. Kí lẹ fẹ́?"

Mo mọ̀ pé èmi ló máa wò. Mo gbọ́ bí orí rẹ̀ ṣe yí lórí ìrọ̀rí. Gbogbo ara mi fẹ́ dáhùn. Ìdáhùn ti wà lẹ́nu mi. Mo yí ẹ̀yìn sí i. Mo kọjú sí ògiri, mo sì ń wo ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀ nípa ọwọ́ fífọ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ kan kà nínú rẹ̀.

Mo ní, Ọlọ́run, jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣe é," Hylke ní lẹ́yìn mi. "Mo ṣì fẹ́ máa wo ọkọ̀."

Wọ́n tì í lọ.

Wọ́n ṣí iṣan náà. Kíndìnrín rẹ̀ ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kò kú. Ṣùgbọ́n apá kan ọkàn rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó dé ibẹ̀, kò sì ní jí mọ́. Dókítà ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ pé wákàtí àkọ́kọ́ ló máa ń ṣe pàtàkì jù. Èmi tí mo kọ gbogbo wákàtí sílẹ̀, ta ló máa bá mi ṣírò rẹ̀? Hylke kì í lè rìn dé ìdí afárá mọ́. Bó bá dé ẹnu géètì, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, nọ́ọ̀sì kan fún mi ní káàdì kẹrin, ti ọkàn. Ó wúlò, mi ò sọ pé kò wúlò. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì pẹ̀lú àwọn tó kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé kọfí wá fún un lórí àga rẹ̀. Mo ní, "Báwo lara?"

"Wo fáìlì," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín.

Èmi ò lè rín in. Mo gbé àga ti tirẹ̀, mo jókòó. "Ìwọ ni mò ń bi."

Ó wò mí títí. Kò mọ́ ọn lára. Kọfí ti ń tutù, mo sì dúró. Níkẹyìn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹsẹ̀ tó tutù, ó bọ́ sí orí oorun tí kò pé, ó dé orí ẹ̀rù tó bà á nínú yàrá yẹn nígbà tí mo kẹ́yìn sí i. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù bà á. Ó sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Mi ò mú bíírò.